Òkùnkùn La Kọ́kọ́ Kọ́: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀ ní Kíláàsì Wa l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè ọmọ kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fìsíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mo ya àpótí kan sójú pátákó, mo lu ihò kékeré sí i níwájú, mo fa ìlà méjì gba ojú ihò náà kọjá, mo ní: "Àwòrán yóò dorí kodò." Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń kọ ọ́. Àfi ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá ló nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti rí i rí?"

Mi ò rí i rí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ya àwòrán yẹn. Ẹni tó kọ́ mi náà, yíyà ló yà á fún mi. Mo sọ òótọ́ fún un, kíláàsì hó yèè. Mo ní kò burú, kí kálukú mú páálí bàtà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà ṣe lọ nìyí, nínú oṣù kọkànlá, pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí lábù yín kò ju kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti sọnù tipẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọjọ́ Ajé

Ọmọ 40 ni wọ́n, páálí bàtà 17 ló wọlé. Àwọn kan mú agolo mílíìkì wá, ẹnì kan gbé odidi páálí tẹlifíṣọ̀n rù wọ ọgbà. Mo gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú páálí bàtà, mẹ́rin tó ṣì le dáadáa la mú. A fi ìṣó lu ihò sí orí kan, a gé ojú fèrèsé sí orí kejì. Ojú fèrèsé yẹn la ó lẹ bébà mọ́ kí àwòrán lè bọ́ sí i.

Bébà yẹn ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ìwé tí a ń lò ní kí á lo bébà tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán dà kọ, èyí tí ojú ń là kọjá díẹ̀. Mo wá a dé Sábó, mi ò rí. Ẹnu géètì wa ni mo ti wá rí ọ̀nà. Bébà ìwé àtijọ́ ni Ìyá alákàrà fi ń wé àkàrà fún àwọn ọmọ, ibi tí òróró bá sì ti mu lára bébà náà, o lè ka lẹ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti iwájú. Mo ní kí wọ́n ta òróró ẹ̀pà díẹ̀ fún mi.

"Tíṣà, àkàrà lẹ fẹ́ lọ dín ni?"

"Rárá mà, ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ dín."

Ohun tí òróró ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe idán. Fọ́nrán igi tín-ín-rín ni bébà, afẹ́fẹ́ ló sì kún àárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ á wọ fọ́nrán, á bọ́ sí afẹ́fẹ́, á tún wọ fọ́nrán, gbogbo ẹnu ààlà tó bá kọjá ló ti ń yà kúrò lọ́nà, ìdí nìyẹn tí bébà fi funfun tí a kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí òróró bá gba ipò afẹ́fẹ́, ìrìn ìmọ́lẹ̀ nínú òróró àti nínú fọ́nrán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kò wá sí ohun tó ń tú u ká tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. A fi òwú pa òróró náà sára bébà, a fi tísù nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.

A wá kọjú ihò sí fèrèsé kíláàsì, a to ìlà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń yọjú. Kò sí nǹkan kan. Kùrukùru lásán ni. Ọmọ kan ní òun rí màlúù, bẹ́ẹ̀ màlúù kankan ò sí nínú ọgbà lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo tan iná fóònù mi, mo gbé e sínú páálí, mo dé e, mo gbé e wọ yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, tó ṣókùnkùn díẹ̀. Páálí náà ń jò bí orùlé! A ka ibi 11 tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ jáde: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí ìdérí, àní ibi tí ilé iṣẹ́ bàtà ti lu ihò afẹ́fẹ́ sí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá lè gbà jáde, ibẹ̀ náà ló lè gbà wọlé. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni ihò ìṣó wa ń mú wọlé, àwọn ojú ibi 11 yẹn sì ń da púpọ̀ bò ó.

Sẹ́lótéèpù lásán kò ràn án, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. A lẹ bébà aláwọ̀ ilẹ̀ lé e ní ìpele méjì. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n inú páálí náà ṣì ń mọ́lẹ̀. Mo wá rí i pé funfun ni wọ́n kùn inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ojú ihò wọlé ń ta mọ́ ògiri páálí, ó ń padà, ó ń bọ́ sójú bébà níbi tí a kò rán an sí.

Níbí ni mo ti ṣàṣìṣe tó ná mi lówó. Ọ̀dà dúdú ṣẹ́kù nínú agolo kan lẹ́yìn tí wọ́n kun géètì, mo rà díẹ̀ kún un, mo ní kí wọ́n fi kun inú páálí. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo kíláàsì, ó gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó sì ń dán bíi bàtà sójà. Dúdú tó ń dán kì í ṣe dúdú fún iṣẹ́ yìí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fi ẹ̀gbẹ́ kàn án, ńṣe ló ń dá a padà bíi dígí. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ ló tún un ṣe fún wa. Ó lọ èédú kúnná, ó sè é mọ́ ẹ̀kọ gbágùúdá, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Bó ṣe gbẹ, ó ṣókùnkùn kirikiri, kò dán rárá. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ á dúdú, ìyẹn nìkan ni àbùkù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ òkùnkùn ni mo gbà, kì í ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀fẹ́ ni l'Ógbómọ̀ṣọ́, láti aago méje àárọ̀ ló ti ń dà lu gbogbo wa. Òkùnkùn la ní láti fi ọwọ́ ara wa ṣe.

Ọjọ́bọ

Ihò ló kù. Ihò ìṣó wa tó mìlímítà 4. Bí ihò bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ láti ibì kan ṣoṣo lára igi kì í bọ́ sójú kan lára bébà, ó máa ń tẹ́ rẹrẹ tó bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, ti ẹ̀ka kejì á sì gùn ún lórí. Ẹ lè wá rò pé kí ihò ṣáà kéré títí. Rárá o. Bó bá kéré jù, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ lẹ́yìn ihò, àwòrán á tún dàrú. Fún páálí tí bébà rẹ̀ jìnnà sí ihò ní sẹ̀ǹtímítà 20, nǹkan bíi mìlímítà 0.6 ló dára jù.

Báwo lèèyàn ṣe ń fi rúlà wọn mìlímítà 0.6? A to abẹ́rẹ́ ìránṣọ 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí rúlà, wọ́n gba mìlímítà 7. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.7 nìyẹn, kò jìnnà. A fi sísọ́ọ̀sì gé ara agolo mọ́ọ̀tì, ó rọ̀ bíi bébà. A gbé e lé orí ọṣẹ, a fi abẹ́rẹ́ gún un, a yí abẹ́rẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, a sì fi sáńdípépà ra ẹ̀yìn rẹ̀ títí etí ihò kò fi ní gbígbún mọ́. Èyí tí a kọ́kọ́ gún lórí tábìlì lásán ya. Ọṣẹ ni ẹ lò.

A bo orí pẹ̀lú aṣọ dúdú, a kọ ihò sí ìta. Ọmọbìnrin àdìrẹ yẹn ló kọ́kọ́ wọ abẹ́ aṣọ. Mo ní kó má sọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú kan, nítorí ojú tó ti oòrùn bọ̀ kì í tètè mọ òkùnkùn, kí ó tó mọ̀ ọ́n tán pátápátá máa ń tó ogún ìṣẹ́jú. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi pariwo.

"Sà! Màmá ń gbálẹ̀ lójú ọ̀run!"

Àwọn màmá tó ń gbálẹ̀ ọgbà ni. Mo wọ abẹ́ aṣọ náà. Wọ́n wà níbẹ̀, wọn ò ga ju ẹ̀ka ìka lọ, gèlè wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹsẹ̀ wọn lókè, orí wọn nísàlẹ̀, ìgbálẹ̀ ń fẹ́ eruku lọ sókè bí èéfín, ṣùgbọ́n èéfín tó ń ṣubú. Igi máńgòrò fi ewé tẹlẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí tíṣà pẹ́ lọ, wọ́n ń fa aṣọ mi.

Ọmọkùnrin ẹ̀yìn wò ó, ó ní òun gbà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi dorí kodò, sà?" Mo fẹ́ ya ìlà méjì yẹn, mo rántí ara mi. A jáde sí pápá. Mo mú páálí kan tí ihò wà láàárín rẹ̀ dúró, mo fa okùn pupa láti fìlà ọmọ tó ga jù, okùn aró láti bàtà rẹ̀, méjèèjì gba ihò kan náà kọjá, ẹnì kan fà wọ́n gan lẹ́yìn. Okùn kò lè tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà kì í tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lásán. Èyí tó ti òkè wá ní láti lọ sísàlẹ̀, èyí tó ti ìsàlẹ̀ wá ní láti lọ sókè. Okùn náà sọ ọ́ jù mí lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Àpótí kan, ojú kan, àléébù rẹ̀ nìyẹn. Kí ọmọ 40 tó wò ó tán, píríọ́dù méjì ti lọ, àwọn tó ti wò ó sì ti ń jà lẹ́yìn. Mo rò ó pé bí a kò bá lè gbé àpótí fún gbogbo èèyàn, kí gbogbo èèyàn wọ inú àpótí. Yàrá bọ́ọ̀lù yẹn ni mo tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Wọ́n ní kò burú, bí a bá ṣáà ti lè dá a padà bó ṣe wà. Fèrèsé kan, ilẹ̀kùn kan, páànù lórí, kò sí síílìn. Páálí tẹlifíṣọ̀n tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló wá di fèrèsé náà pa. Àkísà la fi há gbogbo etí rẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀kùn. Láàárín páálí náà a gé ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, a ta aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun sí mítà méjì ààbọ̀ sí i.

Pápá bọ́ọ̀lù wa yọ sára aṣọ náà: koríko lókè, òfuurufú nísàlẹ̀, àwọn ọmọ JSS ń forí rìn. Tí wọ́n bá sáré lọ sí ọwọ́ ọ̀tún níta, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń sáré lọ nínú ilé. Ó dára, ṣùgbọ́n páànù kò jẹ́ ká gbádùn rẹ̀. Ìṣó ti jáde lára rẹ̀ káàkiri, kò sí bí a ṣe ta aṣọ náà tí ìmọ́lẹ̀ róbótó kan kò ní bọ́ lé e lórí. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mo rán ọmọkùnrin kan gun àkàbà pẹ̀lú amọ̀ kó máa dí wọn.

Ó ti dí mẹ́fà nígbà tí ọmọbìnrin àdìrẹ ní, "Ẹ dúró. Kí ló dé tí gbogbo wọn fi rí róbótó?"

Mo dáhùn kíákíá pé ìṣó róbótó ló lu ihò náà. Ẹni tó wà lórí àkàbà ló já mi: "Rárá sà. Èyí ti ya, ó gùn bí ojú ológbò."

A dá gbogbo nǹkan dúró. A gé ara agolo mọ́ọ̀tì sí mẹ́ta, a lu ihò onígun mẹ́ta sí ọ̀kan, onígun mẹ́rin sí èkejì, ìlà gbọọrọ sí ẹ̀kẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi mìlímítà 5. A fi amọ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ihò páànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀, róbótó, róbótó, róbótó. Lẹ́yìn náà mo ní kí ọmọ tó wà lókè na bébà kan sábẹ́ ihò onígun mẹ́ta náà, kó má ju ìka mélòó kan lọ sí i. Ìmọ́lẹ̀ onígun mẹ́ta ló yọ. Ó ń sọ bébà náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn, igun rẹ̀ ń yó, ó ń wú, nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀ ó ti di róbótó.

Ìṣó kò mọ nǹkan kan nípa róbótó yẹn. Oòrùn ni. Páànù wa ti ń ya àwòrán oòrùn sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé, àwa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Mo wá rántí oṣù kẹta ọdún 2006. Ọmọ girama ni mí nígbà náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà òṣùpá wọ iwájú oòrùn, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ wojú rẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Lábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó máa ń gba àárín ewé bọ́ sílẹ̀ ti di bí oṣù tuntun, ọgọ́rọ̀ọ̀rún oṣù tuntun lórí iyẹ̀pẹ̀. Mo rò pé ewé ló yí padà. Ibn al-Haytham, ọmọ Básírà tó gbé ní Káírò ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, bí oòrùn tí a bò ṣe ń gba ihò kékeré kọjá. Mo ti ka orúkọ rẹ̀ ní yunifásítì. Mi ò mọ̀ pé abẹ́ igi máńgòrò ló ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kan náà

Bó bá jẹ́ àwòrán oòrùn ni, a lè wọ̀n ọ́n. Ihò ìṣó kan tó ṣì róbótó, mìlímítà 3, la yàn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, gígùn ló máa ń gùn bí ẹyin, nítorí pé oòrùn oṣù kọkànlá kì í dúró ṣánṣán lórí wa. A ní láti dẹ bébà náà kó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ gan-an. Láti ihò dé bébà: mítà 3.78. Fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ náà: sẹ̀ǹtímítà 3.7. Etí rẹ̀ kò mú, ẹnì kan ní 3.6, ẹlòmíràn ní 3.9, a jà díẹ̀ kí a tó fẹnu kò. Ẹ yọ ihò náà kúrò, mìlímítà 3, nítorí òun ló fi kún etí àwòrán. Ó ku 3.4. Ìlà kan náà ló gba ihò kọjá, nítorí náà iye ìlọ́po fífẹ̀ àwòrán tí bébà fi jìnnà sí ihò náà ni iye ìlọ́po fífẹ̀ oòrùn tí oòrùn fi jìnnà sí wa. Sẹ̀ǹtímítà 378, ẹ pín in sí 3.4, ó jẹ́ bíi 111. Oòrùn jìnnà sí wa ní ìlọ́po 111 fífẹ̀ ara rẹ̀ nìyẹn.

Oòrùn jìnnà sí ayé ní nǹkan bíi kìlómítà mílíọ̀nù 150. Ẹ pín in sí 111. Ó fún wa ní kìlómítà 1,351,000 fún fífẹ̀ oòrùn. Èyí tó wà nínú ìwé jẹ́ bíi 1,392,000. Ìhò ìṣó, téèpù télọ̀, àti bébà tó kún fún àmì ìka èédú! Mo jẹ́ kí wọ́n pariwo. Tíṣà tó ń kọ́ni ní kíláàsì kejì wá kanlẹ̀kùn, òun náà kò jáde mọ́.

Bí a ṣe ń yọ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ti kúrò lórí àmì tí a fi pẹ́ńsù ṣe. A fi aago wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ó ti kúrò pátápátá nínú róbótó tó wà tẹ́lẹ̀. Mi ò rí ìyípo ayé báyìí rí, ó dà bí ẹni ń wo ìgbín. Mo tún sọ fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ yìí ti kúrò lára oòrùn ní bí ìṣẹ́jú 8 sẹ́yìn. Ọmọkùnrin ẹ̀yìn wo aago: "Ìgbà tó ń kúrò níbẹ̀, a ṣì ń jẹun."

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Omi. Yàrá òkùnkùn ti wà, iṣẹ́ yòókù rọrùn, mi ò ní pẹ́ lórí gbogbo rẹ̀.

Ti owó inú abọ́: kọ́bọ̀ kò sí lójà mọ́, ìdérí ìgò la lò. A gbé e sínú abọ́ tánganran, ọmọ á sún sẹ́yìn títí etí abọ́ fi bò ó mọ́ ọn lójú, a ó wá da omi sí i jẹ́ẹ́, ìdérí á dìde wá. Ìmọ́lẹ̀ ń yà bó ṣe ń ti omi bọ́ sí afẹ́fẹ́. Omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 12 máa ń dà bí 9 lójú ẹni tó bá wò ó láti òkè. Mo fi kànga kún un fún wọn, pé èyí tó dà bíi pé ó mọ dé àyà lè mọ dé ọrùn.

Ti mílíìkì: ẹ má ṣe bíi tiwa, tó da ìdajì agolo sí i. Ògiri funfun la rí. Ẹ̀kán bíi mẹ́ta tó fún ìgò omi lítà 1.5. Tan tọ́ọ̀ṣì láti orí kan: bí o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó máa ń ṣe bí àwọ̀ aró díẹ̀, ní orí kejì tọ́ọ̀ṣì náà á pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹ̀kán ọ̀rá tín-ín-rín inú mílíìkì ń tú aró ká ju pupa lọ. Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí ojú ọ̀run ọyẹ́ kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀. Eruku ọyẹ́ tóbi jù fún ìyẹn, gbogbo àwọ̀ ló ń tú ká bákan náà, ìdí nìyẹn tí òfuurufú fi máa ń funfun bí ẹ̀kọ.

Èyí tó fún wa ní wàhálà ni omi tó ń gbé ìmọ́lẹ̀. Èrò rẹ̀ kò le: lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìgò ike nísàlẹ̀, kí omi máa tú jáde ní títẹ̀, kí o sì tan iná lésà láti òdìkejì gba inú omi lọ sójú ihò náà. Dípò kí ìmọ́lẹ̀ lọ tààrà, á tẹ̀ lé omi. Daniel Colladon, onímọ̀ fìsíìsì kan, ṣe é ní Geneva ní 1841, láìní lésà. Mo so lésà mọ́ pátákó fúnra mi, ọmọ kankan kò fọwọ́ kàn án, nítorí ojú kò ní àrọ́pò.

Ìgbà àkọ́kọ́, ìṣó gbígbóná la fi lu ihò. Etí rẹ̀ rí wúruwùru, omi fọ́n ká, ìmọ́lẹ̀ náà kú lẹ́nu ihò. Ìgbà kejì, a fi sáńdípépà ra á, ihò náà fẹ̀ sí i, omi tán kí a tó pa iná. Bàtà mi tutù. Ìgbà kẹta la gé ara báírò tó ti tán, sẹ̀ǹtímítà 2, a tì í bọ ihò náà, a fi àbẹ́là yíyọ́ dí etí rẹ̀. Omi wá ń jáde bí ọ̀pá dígí, kò gbọ̀n rárá. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tan lésà. Pupa náà tẹ̀ pẹ̀lú omi, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tó gbọ́wọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kò jó o, kò gbóná, ó kàn ń tàn nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé, ó ní òun ti mú un.

Bí ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú omi bá dé ojú omi ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó ju dígírì 49 lọ, tí a bá wọ̀n ọ́n láti ìlà tó dúró ṣánṣán sí ojú omi náà, kò lè jáde mọ́, ńṣe ló ń ta padà sínú. Ó ń ta lọ ta bọ̀ títí omi fi já sí ẹ̀kán, ibẹ̀ ló ti ń bọ́. Okùn dígí tó gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Èkó, ọ̀nà yìí kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ara omi náà tàn, ẹ kán mílíìkì kan ṣoṣo sí i. Kan ṣoṣo.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Ọ̀gá wa wá wo yàrá náà. Inú wọn dùn sí àwòrán pápá. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ihò páànù, wọ́n ní, "Háà, ilé yìí ti bàjẹ́ tó báyìí?" Lọ́jọ́ kejì, Bàbá káfíńtà dé pẹ̀lú àkàbà àti gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi ń dí páànù.

Kíláàsì mi kò jókòó. Wọ́n rán ọmọbìnrin àdìrẹ sí mi, mo bá a lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi ihò kan sílẹ̀, ìyẹn tó wà lókè ibi tí a fi ṣọ́ọ̀kì yí ilẹ̀.

Bàbá wo ilẹ̀, wọ́n wo òkè. "Tíṣà, ọdún tí mo ti ń ṣe káfíńtà ti pọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí ilé jò."

A fi bébà hàn wọ́n, a dẹ̀ ẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ náà, mo ní oòrùn nìyẹn. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n mú bébà náà fúnra wọn, wọ́n ń gbé e sún mọ́ òkè, wọ́n ń gbé e padà wálẹ̀, wọ́n ń wo bó ṣe ń tóbi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gun àkàbà, wọ́n dí gbogbo ìyókù. Ti ìkan yẹn, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí etí rẹ̀ ká, wọ́n gbẹ́ igi kékeré kan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀ láti máa fi dí i, wọ́n so okùn mọ́ ọn tó gùn dé ilẹ̀. Tí òjò bá ń bọ̀, a ó gun òkè tì í bọ̀ ọ́. Tí a bá fẹ́ oòrùn, a ó fa okùn.